Ohun Tó Wà Nínú Ìlà Kẹta

Obìnrin náà gbé ìka kan sókè, kò sì dá a lóhùn.

Bí ọkùnrin náà ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn. Obìnrin náà jókòó sórí àga gíga kan tí kò ní ẹ̀yìn, ó tẹrí ba sórí máíkírósíkópù, ó fi ọwọ́ òsì di irun rẹ̀ mú kó má baà bọ́ sí i lójú. Oòrùn òwúrọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà lé e lẹ́yìn ọrùn. Ètè rẹ̀ ń lọ, ohùn kò jáde. Àwo dígí kéékèèké tò ní ìlà ìlà níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ọkùnrin náà tún wí.

Ìka náà tún gòkè.

Apòògùn tuntun ni ọkùnrin yìí. Ọjọ́ kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ó gbé ìgò mẹ́fà dání nínú àtẹ onírin, ó sì ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ilé wo ni wọ́n ti kọ́ èèyàn láti máa fi ìka jẹ́ kíkí. Ó lè gbé ìgò náà sílẹ̀ kó máa lọ. Ó dúró. Kò mọ ìdí tó fi dúró.

Nígbà tó yá, obìnrin náà mú bírò, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó yí padà.

"Igba ó lé mẹ́tàdínlógún," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú. Tí mo bá dá yín lóhùn, orí ení ni màá tún padà sí."

"Kí lẹ ń kà?"

"Ọmọ aràn."

"Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Àwo kan ṣoṣo nìyẹn. Ọgọ́ta ló wà níbí."

Ọkùnrin náà wo inú àwo tó sún mọ́ ọn jù. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju omi lọ. Ó wo ojú obìnrin náà. Ìyẹn ló rí.

Ìyá Aràn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń fọ ìgò ní yàrá ìsàlẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, ó sì mọ́ ọn lára. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ó ti ń ka aràn láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, wọ́n sì ní kò ṣì í kà rí.

"Orúkọ yẹn ò bí yín nínú?" ni apòògùn bi í ní ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń mu tíì lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé.

"Kí ló máa bí mi nínú? Ọmọ mi lé ní ẹgbàárùn-ún. Ta ló bí tó bẹ́ẹ̀ rí?"

"Bàbá wọn ńkọ́?"

"Wọn ò ní bàbá. Irú èyí tó ń gbé inú ìfun èèyàn, abo nìkan ni. Kò lọ́kọ, kò wá ọkọ, ó sì ń bímọ."

"Kò mọ ohun tó pàdánù."

"Àbí ó mọ̀ ọ́n dáadáa," ni Ìyá Aràn wí, ó sì mu tíì rẹ̀.

Ọjọ́ náà ló ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un. Kò lo ọ̀rọ̀ ńlá. Ó ní ìgbà kan wà nínú ayé ọmọ aràn yìí tí kì í jẹun, tí kì í dàgbà. Ẹnu rẹ̀ á pa dé, ara rẹ̀ á tín-ín-rín bí òwú. Á kàn máa dúró nínú ilẹ̀ tútù títí ẹsẹ̀ èèyàn yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà ni yóò gún awọ wọlé. Tó bá wọlé tán, hòmóònù kan nínú ara rẹ̀ á jíṣẹ́ fún un pé ó ti dé. Ẹnu rẹ̀ á là, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

"Hòmóònù yẹn ni kọ́kọ́rọ́," ló wí. "Àgádágodo rẹ̀ wà nínú ara aràn. Àgádágodo yẹn là ń lé kiri láti ọjọ́ yìí. Oògùn tí ẹ ń pò, kọ́kọ́rọ́ àfarawé ni. A fẹ́ fi ṣí i kí àsìkò tó tó."

"Tó bá wá ṣí kí àsìkò tó tó?"

"Á la ẹnu níbi tí oúnjẹ ò sí. Á kú."

"Ẹ mà burú o."

"Ẹ̀yin lẹ ń pò ó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà ń yí ife tíì rẹ̀ po. Ó sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Oníbíríkì ni bàbá nígbà èwe rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń po amọ̀. Aràn gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, kò sì jáde mọ́. Ó ń bímọ sínú ìfun rẹ̀, àwọn ọmọ náà á pa ẹnu dé, wọ́n á di èyí tó lè gún ara, wọ́n á tún gún bàbá kan náà wọlé láti inú. Ọdún mẹ́tàlélógójì. Oògùn tó wà ń pa àwọn ìyá, ṣùgbọ́n nínú bàbá tirẹ̀, àwọn ọmọ kan máa ń ṣẹ́ kù. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

"Tí a bá ń fi kọ́kọ́rọ́ yẹn dà wọ́n láàmú nínú ìfun, wọn ò ní lè pa ẹnu dé," ló wí. "Tí wọn ò bá pa ẹnu dé, wọn ò lè gún un. Ohun tí mò ń wá nìyẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Apòògùn gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ bù tíì mìíràn wá fún un.

Ìgò mẹ́fà ló ń gbé lọ fún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgò kan fún ìlà àwo kan. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn. Oògùn wà nínú mẹ́ta. Omi lásán wà nínú mẹ́ta yòókù, ṣùgbọ́n ó ti po epo díẹ̀ mọ́ ọn kí gbogbo wọn lè jọ ara wọn. Òun nìkan ló mọ èwo lèwo. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé, ó fi sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Ọ̀gá tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin.

Obìnrin tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì ni Ọ̀gá, kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì. Ó ti kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ kìíní.

"Ẹni tó ń kà ò gbọdọ̀ mọ̀. Tó bá mọ̀, ojú rẹ̀ á máa ṣe ojúsàájú láìfura. Aràn tí ò bá dá a lójú, á kà á sí ibi tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni. Tó bá mọ ẹyọ kan, dídà la ó da gbogbo rẹ̀ nù."

"Mo gbọ́, mà."

"Kì í ṣe ẹnu nìkan o. Ojú ẹ náà."

Ó rò pé ojú rọrùn láti ṣọ́. Nígbà yẹn, kò tíì máa fetí sílẹ̀ de ìró bàtà obìnrin náà lórí àtẹ̀gùn.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ó kọ́ láti fi ojú kan náà wo ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó kọ́ láti kan ilẹ̀kùn kó sì dúró de ìka yẹn títí yóò fi wálẹ̀. Ó ń sìn ín dé ibùdókọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni, kò níyàwó rí, ó sì ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti mọ́ òun lára.

"Apòògùn," ni ìyá afọgò ké sí i láti ìsàlẹ̀, "ìgò mẹ́fà péré lo gbé gòkè láti àárọ̀, ọ̀sán ti pọ́n. Ṣé ìgò yẹn wúwo ni?"

"Ó wúwo díẹ̀, mà."

"Á wúwo! Rọra, kó má lọ wó lù ẹ́ láyà."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, wọ́n gbé bàbá lọ sí ọsibítù. Aràn ti dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Aràn fi jókòó tì í. Ní ọjọ́ kẹrin ó padà síbi iṣẹ́, torí àwọn àwo náà ní ọjọ́ tiwọn. Ó ka ìlà kìíní, ó ka ìkejì, ó ka ìkẹta. Apòògùn wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó kọ nọ́ńbà àwo tó kẹ́yìn nínú ìlà kẹta sílẹ̀. Ó ju bírò náà sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Gbogbo wọn ló ń dúró, bíi ti ìlà méjì ìṣáájú," ló wí. "Àwo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹnu wọn pa dé, ara wọn le. Oògùn yìí ò ṣe nǹkan kan. Ọdún mọ́kànlá. Kí ni màá lọ sọ fún bàbá mi?"

Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló le jù.

Apòògùn ti dé ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti rìn. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Olólùfẹ́ mi," ló wí, "omi lásán ló wà nínú ìlà kẹta."

Fìríìjì tó wà ní igun ń kùn.

Obìnrin náà yọ èjìká rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ náà.

"Kí lẹ sọ?"

Ọkùnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ ti sọ ọ́." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ ti sọ ọ́ fún mi."

"Mo fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ ni."

"Ọkàn mi kọ́ ni wọ́n fún yín tọ́jú. Àpòòwé ni."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó pa iná máíkírósíkópù, ó jáde. Apòògùn dúró láàárín ọgọ́ta àwo. Ìgbà àkọ́kọ́ tó pe ẹnikẹ́ni ní olólùfẹ́ nìyẹn. Ó fi ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án jẹ́.

Àwọn méjì péré ló gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá dákẹ́, ó parí síbẹ̀. Ó rò ó títí dé ilé. Nígbà tó di àárọ̀, ó wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù mìíràn, ó lọ jókòó dúró de Ọ̀gá lẹ́nu ọ́fíìsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Kí lẹ wá ṣe?" ni Ìyá Aràn bi í.

"Ohun tí ẹ̀yin náà wá ṣe."

"Tèmi ni mo wá sọ. Mo ti mọ ohun tí kò yẹ kí n mọ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Ta lẹ fẹ́ kí wọ́n rò pé ó sọ ọ́? Fìríìjì?"

Etí ẹnu obìnrin náà mì díẹ̀. Ó ká a mọ́ra, ó wo iwájú.

Ọ̀gá gbọ́ ti àwọn méjèèjì lórí ìdúró, àpò rẹ̀ ṣì wà léjìká. Kò pariwo.

"Ẹ dà á nù," ló wí. "Gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ Ajé la ó tún bẹ̀rẹ̀." Ó kọjú sí apòògùn. "Ó yẹ kí n lé ẹ. Àmọ́ kò sí ẹlòmíì níbí tó lè po epo yẹn kó má dì. Nítorí náà, odindi ọ̀sẹ̀ méjìlá, ẹ ò gbọdọ̀ fojú kan ara yín. Ojú fèrèsé kékeré kan wà láàárín yàrá oògùn àti yàrá aràn. Ibẹ̀ ni wàá máa gbé ìgò sí. Wàá kàn án lẹ́ẹ̀kan, wàá sì kúrò níbẹ̀ kó tó ṣí i. Kò sí ìwé. Kò sí ohùn. Kò sí orin."

"Orin, mà?"

"Orin tó o máa ń kọ tó o bá ń gòkè lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ."

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ da àwo náà nù, omi gbígbóná lórí rẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan. Nígbà tó ku àwo kan, obìnrin náà dúró.

"Bàbá mi bi mí ohun tó ṣe mí. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ ò bò, kí n má mú un wọlé àwọn."

"Wọn ò jẹ̀bi."

"Ẹ la ẹnu kí àsìkò tó tó."

"Mo mọ ohun tó ń ṣe aràn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà da àwo tó kù nù, ó ṣí ẹ̀rọ omi lé e lórí.

"Ẹ ò ní kú," ló wí. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Báyìí ni ọ̀sẹ̀ méjìlá mìíràn ṣe bẹ̀rẹ̀. Apòògùn tún nọ́ńbà rẹ̀ tò, ó fi àpòòwé tuntun fún Ọ̀gá. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ó ń gbé ìgò mẹ́fà sí ojú fèrèsé kékeré, ó ń kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ń lọ. Á dé ẹnu ọ̀nà kejì kó tó gbọ́ bí fèrèsé ṣe ń ṣí. Kò bojú wẹ̀yìn. Ní ọjọ́ Ẹtì, á bá ìgò òfìfo níbẹ̀, a ti fọ̀ wọ́n, a ti dà wọ́n dé. Kò sí nǹkan mìíràn lára wọn. Ó máa ń wò wọ́n náà.

"Ilé yìí ti dákẹ́ o," ni ìyá afọgò wí. "Ta ló pa ẹyẹ wa?"

Apòògùn ń to ìgò rẹ̀ lọ. Ìyá náà fi aṣọ nu ọwọ́, ó sì fi í sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó lọ bá Ọ̀gá. Ó ní òun fẹ́ máa lọ kí bàbá Ìyá Aràn, ní ọ̀sán ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá ń kà, tí kò ní sí nílé.

Ọ̀gá wò ó láti orí awò ojú rẹ̀. "Tó o bá la ẹnu níbẹ̀, má padà wá síbí."

Yàrá kan nísàlẹ̀ ni bàbá ń gbé, ojú fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà. Ó ti dé láti ọsibítù. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì fẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tóbi.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni mo ba iṣẹ́ ọmọ yín jẹ́, sà."

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹlẹ́nu-ò-bò."

"Èmi náà ni, sà."

"Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ọsàn."

"Bó o. Tó o bá bó o tán, máa lọ."

Ó bó o, ó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ. Ó bó ọsàn, ó lọ. Nígbà kẹta tó lọ, bàbá nawọ́ sí àga.

"Jókòó. Ìgò mẹ́fà ni wọ́n ní ó ń bẹ. Èwo ni oògùn nínú wọn?"

"Mi ò lè sọ, sà."

"Ta ni màá sọ fún? Ògiri?"

"Ògiri náà ò gbọdọ̀ mọ̀, sà."

Bàbá mí kanlẹ̀, ó jẹ ọsàn rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn, ó gba ọ̀nà mìíràn yọ.

"Ọmọ mi ní ìlà kejì ló dáa jù nínú gbogbo wọn."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, sà."

"Báwo lo ṣe mọ̀? O wà níbẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n ni, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Apòògùn gbé omi fún un, ó di orí rẹ̀ mú kó lè mu ún. Láti ọjọ́ náà, bàbá kò pè é ní Ẹlẹ́nu-ò-bò mọ́. Kò sì pè é ní nǹkan mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, bàbá kò dìde nígbà tó wọlé. Ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ìlà pupa kan wà lára ikùn rẹ̀, ó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ bí ọ̀nà èèrà.

"Wò ó. Ìdí ìdodo ló wà láàárọ̀. Ó ti rìn débí." Ó bo ìlà náà mọ́lẹ̀. "Gbọ́. Mi ò dán ẹ wò mọ́. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Apòògùn gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Èmi gan-an ò mọ̀, sà. Mo mọ ohun tó wà nínú ìgò, mi ò mọ ohun tó wà nínú àwo. Ọmọ yín mọ ohun tó wà nínú àwo, kò mọ ohun tó wà nínú ìgò. Ìdajì wà lọ́wọ́ mi, ìdajì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àfi ọjọ́ tí àwa méjèèjì bá jókòó sídìí tábìlì kan."

"Sọ ìdajì tìẹ fún mi."

"Rárá, sà."

"Tí mo bá kú ńkọ́?"

"Rárá, sà," ló tún wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Bàbá wo fèrèsé. Ọkọ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù?"

"Méjì, sà."

"Mo lè dúró ọ̀sẹ̀ méjì. Bó ọsàn yẹn."

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí àpòòwé, Ọ̀gá gbé àga mẹ́ta sídìí tábìlì. Apòògùn ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tí Ìyá Aràn wọlé, ó dìde, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Obìnrin náà ti rù díẹ̀. Ó gbé ìwé rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ló wí.

Apòògùn gbé ìka kan sókè. Obìnrin náà wo ìka náà, ó yára wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, ẹ̀rín ti yọ.

"Ẹ jókòó," ni Ọ̀gá wí. Ó ya àpòòwé, ó gbé ìwé inú rẹ̀ fún apòògùn. Ó ní kí obìnrin náà pe iye tó ń dúró nínú ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kí ọkùnrin náà pe ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀.

"Ìlà kìíní. Mọ́kànlá."

"Oògùn."

"Ìlà kejì. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ogójì."

"Omi."

Obìnrin náà ṣí ojú ewé. "Ìlà kẹta." Ó dúró. "Mẹ́sàn-án."

Ọkùnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjìlá ló ti fi há a sórí. Ohùn rẹ̀ kò dúró dáadáa.

"Oògùn."

Ìlà kẹrin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé méjìlá, omi. Ìlà karùn-ún, ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́ta, omi. Ìlà kẹfà, mẹ́rìnlá, oògùn.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

"Nínú àwo ni o," ló wí. "Èèyàn kì í ṣe àwo." Ṣùgbọ́n ó nu awò náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn méjèèjì jọ lọ sílé bàbá ní ọ̀sán náà. Bàbá gbé orí sókè nígbà tó rí wọn pọ̀.

"Ẹ ti jókòó sídìí tábìlì."

"A ti jókòó, bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ó ṣiṣẹ́. Nínú àwo."

"Kó tó dé inú ikùn èèyàn ńkọ́? Ọdún mélòó?"

Ìyá Aràn kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. "Ó lè tó mẹ́wàá."

Bàbá ro ọdún mẹ́wàá náà. Wọ́n rí i bó ṣe ń rò ó.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹnì kan ń fi ẹsẹ̀ lásán po amọ̀ lónìí. Ẹ máa bá a lọ." Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Ìwọ. Ẹnu ẹ bò. Ó bò jù, pàápàá. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó o fi ń bó ọsàn fún mi, o ò sọ ohun tó gbé ẹ wá."

"Ọsàn?" ni Ìyá Aràn wí. "Bàbá, ẹ ní aládùúgbò ló ń gbé ọsàn wá."

"Ìwọ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́?"

Ní ọjọ́ Ajé, apòògùn gòkè láàárọ̀. Kò gbé ìgò kankan dání. Ilẹ̀kùn yàrá aràn ṣí sílẹ̀. Ìyá Aràn jókòó síbi tó ti ń jókòó láti ọdún mọ́kànlá, ó tẹrí ba sórí máíkírósíkópù, oòrùn wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń lọ.

Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí i. Kò wúkọ́. Ó ti kọ́ ìdúró.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ètè obìnrin náà ò lọ mọ́. Ó gbé ojú kúrò lórí máíkírósíkópù, ó wo ògiri iwájú rẹ̀.

"Ẹ ti jẹ́ kí n ṣì í kà."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Mo mọ̀." Kò tíì yíjú padà. "Ọdún mọ́kànlá, mi ò ṣì í kà rí. Ẹ wá sọ ọ́."

"Mo fẹ́ kí o jẹ́ aya mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.

Ó ti sọ ọ́ tán kí ọkùnrin náà tó mọ̀ pé ó ti dáhùn. Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú kan, ó nu èkejì, ó fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sókè.

"Olólùfẹ́ mi, lọ jókòó síbi tí mi ò ti ní máa rí ẹ. Mo ní láti tún àwo yìí kà."

Ó lọ jókòó lẹ́yìn fìríìjì. Obìnrin náà tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ọkùnrin náà ń dúró.